Abọ́ Ẹni Tí Kò Sí Nílé

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ẹ̀yìn Àmọ̀kẹ́ ṣe rí, Tókun ni kó lọ bi. Ó mọ bí ìró rẹ̀ ṣe ń fì bó bá ń sáré, ó mọ bí gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣe ń tú erùpẹ̀, ó sì mọ ilẹ̀kùn tó máa ń já wọ̀. Kì í ṣe pé ọmọ náà kórìíra rẹ̀. Àṣà ni. Láti ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá ti jọ́hẹn fún ọkùnrin, tí àwọn àgbà sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kò tún gbọdọ̀ dúró wo ojú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó. Bó bá rí i lókèèrè, sísá ni yóò sá, yóò faṣọ bojú. Èyí tí kò bá sá, wọn á ní ojú rẹ̀ ti là jù. Àmọ̀kẹ́ sì mọ̀ ọ́n sá.

Kó tó di pé ó ń sá, ojú lójú ni wọ́n ti pàdé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Tókun ní Ìkirè. Ògúnbọ̀dé bàbá rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọ owú àti ẹwìrì sílẹ̀ fún un. Bí ìkórè kòkó bá ti ń sún mọ́, Tókun á kó àdá àti dòjé tó rọ, á gbé wọn lọ sí ọjà Apòmù. Ibẹ̀ ló ti rí ọmọbìnrin kan tó jókòó ti agbada epo, tó ń dín dòdò.

"Dòdò yìí mà ti jóná," Tókun wí.

"Kò jóná. Bí wọ́n ṣe ń dín in ní Ìkirè nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ẹ̀yin náà jọ ará Ìkirè, ẹ ò wá mọ dòdò ìlú yín?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo kàn fẹ́ kó o bá mi sọ̀rọ̀ ni."

Àmọ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló kó bá ọmọ Ògúnbọ̀dé. Ó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ dòjé ju iye tí gbogbo oko Apòmù lè lò lọ, kó ṣáà lè rí nǹkan gbé lọ sọ́jà.

Ẹni tó ṣe alárenà fún wọn ni Sàlámọ̀tù, àbúrò bàbá Àmọ̀kẹ́, obìnrin tó ń ta àwo lọ́jà, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju àdá tí Tókun ń tà lọ. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Rùfáì.

Àgbẹ̀ olóko kòkó ni Rùfáì, mùsùlùmí òdodo ni, ó sì fẹ́ràn kí àwọn ènìyàn máa sọ pé ọ̀rọ̀ òun kì í yẹ̀. "Sàlámọ̀tù," ó ní, "ṣé ọmọ alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún lo fẹ́ kí n fi ọmọ mi fún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun á máa bá wa kírun."

"Ẹnu ló fi ń sọ ọ́."

"Ẹnu náà kọ́ ni gbogbo wa fi ń sọ tiwa?"

Ní Ìkirè ẹ̀wẹ̀, Ọ̀ṣunníkẹ́, ìyá Tókun, gbé ọwọ́ lérí. Ó ní ṣé gbogbo ọmọbìnrin ìlú àwọn ló ti di ọkùnrin ni, tí ọmọ òun fi ń rìn lọ sí Apòmù? Sàlámọ̀tù ń lọ, ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà méjèèjì títí bàtà rẹ̀ fi jẹ tán. Nígbà tó yá, Rùfáì pe àwọn àgbà àti Lèmọ́mù jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bi Àmọ̀kẹ́ léèrè, ó jọ́hẹn. Rùfáì wá la ohùn.

"Mo gbà. Àmọ́ ọmọ mi kò ní sùn lábẹ́ ilé koríko. Ọjọ́ tí Tókun bá fi páànù bo ilé bàbá rẹ̀ ni kó wá gbé ìyàwó. Títí di ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí mọ́. Ti Tókun ni, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá wá síbí, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun tú u sílẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ mi kì í yẹ̀."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó ní ọ̀wọ̀ nínú. Kò sí ẹni tó rò pé àgò ni wọ́n ń hun.

Ọdún yẹn gan-an ni owó kòkó wálẹ̀. Ẹni tí kò rí kòkó rẹ̀ tà, kí ni yóò fi dòjé ṣe? Iná agbẹ̀dẹ Tókun ń jó, kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Ó gba Èkó lọ. Ní Èkó, wọ́n mú un sínú ọkọ̀ òkun ńlá kan, wọ́n fún un ní iṣẹ́ wíwa èédú sínú iná tó ń mú ọkọ̀ rìn, nítorí ẹni tó ti ń finná lágbẹ̀dẹ látìgbà èwe kì í bẹ̀rù ooru. Kó tó gba Èkó lọ, ó ti yà sí Apòmù láti dágbére. Àmọ̀kẹ́ rí i lókèèrè, ó sá. Ẹ̀yìn ló rí. Ẹ̀yìn náà ló gbé wọ ọkọ̀.

Ìrìn àjò yẹn gùn. Wọ́n ní ilẹ̀ Jàpáànù ni àwọn ń lọ kó aṣọ àti àwo, irú àwo tí Sàlámọ̀tù ń tà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé èbúté ńlá, ẹ̀rọ ọkọ̀ bàjẹ́, wọ́n dúró tún un ṣe lẹ́bàá ìlú apẹja kékeré kan. Níbẹ̀ ni Tókun ti já bọ́ láti orí àkàsọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀ gbé e sí etíkun, ó ní ọkọ̀ àwọn mìíràn yóò wá gbé e. Ó ní kò ní pẹ́. Tókun dúró, ó ń wo èéfín ọkọ̀ náà títí kò fi rí i mọ́.

Ìlú náà há sáàárín òkè àti òkun bí ẹran ṣe ń há séyín. Òkè dúdú wà lẹ́yìn, òkun wà níwájú, àwọn ilé pákó fún pọ̀ sáàárín. Iyanrìn wọn dúdú. Ẹran omi kan tó lọ́wọ́ púpọ̀ ni wọ́n ń sá sórí okùn bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, òórùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń jí, òun náà ni wọ́n fi ń sùn. Ohun tó sì ká Tókun lára jù ni ìdákẹ́jẹ́ wọn. Ní Ìkirè, bí ènìyàn méjì bá pàdé, wọn á kí ara wọn, wọn á kí ará ilé, wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kí ewúrẹ́. Níbí, wọn á tẹrí ba, wọn á kọjá. Ọkọ̀ apẹja á jáde ní ìdájí láìsí ariwo, á padà láìsí ariwo. Ọlọ́pàá kan ṣoṣo tó wà nílùú wá wò ó, ó nàka sí afárá tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, ó sì mi orí. Kò ṣòroó túmọ̀. Kò gbọdọ̀ kọjá afárá yẹn títí ọkọ̀ yóò fi dé.

Àwọn ará ìlú kò ṣe ibi sí i. Wọ́n tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tò, wọ́n fún un ní aṣọ òtútù. Àwọn ọmọdé wá ń wò ó, nígbà tó sú wọn, wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n kí ni àánú ń ṣe fún ẹni tí wọ́n sé mọ́? Ojoojúmọ́ ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo omi. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ wá dà bí ẹni ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tókun! Òkun ló tó, ó wá jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ilé bàbá arúgbó kan ni wọ́n fi í sí, Ìsáò lorúkọ rẹ̀. Nígbà èwe, bàbá yìí ti bá ọkọ̀ àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ rí, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú ọkọ̀, èyí tí kò lórí tí kò nídìí, irú èyí tí Tókun náà gbọ́. Òun nìkan ni Tókun lè bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìlú. Ọmọbìnrin kan wà nínú ilé náà, Námì, tó ń dáná, tó ń tún àwọ̀n ṣe, tí kì í sọ̀rọ̀. Tókun rò pé ọmọ bàbá náà ni.

Ní gbogbo àárọ̀, Námì á gbé abọ́ ìrẹsì kan àti ẹja síbi kan lórí ẹní tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé e kúrò. Tókun wò ó títí, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Nílé tiwa, abọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ tí onílé kò fọwọ́ kàn, ta ló ni ín bí kò ṣe àlejò? Ìtìjú ni àlejò fi ń kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ìtìjú bá pọ̀ jù, ó di àfojúdi, onílé á ní ṣé oúnjẹ òun ló rùn sí i ni. "Wọ́n ti ń bẹ̀ mí látọjọ́ yìí," Tókun sọ fún ara rẹ̀, "èmi sì ń ṣe fọ́ńté." Ìyẹn ló fi fa abọ́ náà mọ́ra ní ọjọ́ kan, tó sì jẹ ẹ́ mọ́ tónítóní, kí inú wọn lè dùn.

Námì wọlé, ó rí abọ́ òfìfo, ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Ìsáò wọlé tẹ̀ lé e. Ojú rẹ̀ ṣú.

"Ta ló ní kó o jẹ ẹ́?"

"Bàbá, ṣebí ti àlejò ni?"

"Ti ọmọ mi ni."

Orí Tókun wú. Ó gbàgbé ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, ó na gbọọrọ sílẹ̀ lórí ẹní, ó dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba, ó ń bẹ̀bẹ̀ ní Yorùbá nítorí Gẹ̀ẹ́sì tí kò lórí yẹn kò lè gbé irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì kò rí irú rẹ̀ rí, àfi bí ẹni pé ọkùnrin náà ṣubú lulẹ̀. Námì kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá arúgbó yíjú wò ó. Ó ti pẹ́ tí irú ohùn yẹn ti jáde nínú ilé náà. Ó ní kí Námì lọ bu ìrẹsì mìíràn wá.

Lọ́jọ́ náà ni Tókun gbọ́ òtítọ́. Kẹ́njì lorúkọ ọmọ bàbá náà. Námì ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Wọ́n ti mú un wá sílé ọkọ, ó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, Kẹ́njì wọ ọkọ̀ lọ pẹja, ìjì jà. Wọn kò rí òkú, wọn kò rí ọkọ̀. Àṣà wọn ni pé bí ẹni wọn bá wà lájò, wọn á máa gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ kí ebi má baà pa á níbi tó wà. Bàbá náà ní ẹni tí òun kò rí òkú rẹ̀, àjò ló wà. Láti ọdún náà ni Námì ti ń gbé abọ́ kalẹ̀.

"Bàbá, ọdún wo ni Námì máa simi?" Tókun béèrè.

Bàbá Ìsáò dìde, ó lọ fẹ́ iná.

Òtútù dé. Òjò funfun kan ń já bọ́ bí òwú, ó bo òkè, ó bo afárá. Tókun ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń tún àwọ̀n ṣe pẹ̀lú wọn nítorí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kì í lè simi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n jókòó yí àwọ̀n ká, Námì gbójú sókè, ó sọ nǹkan. Bàbá náà túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ń béèrè bóyá o ní ìyàwó nílé."

"Mo ní àfẹ́sọ́nà. Àmọ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀."

"Ó ní kí ló ń ṣe báyìí?"

"Ó ń dúró dè mí."

Námì tún sọ̀rọ̀, bàbá tún túmọ̀. "Ó ní ṣé òun ló fẹ́ dúró, àbí wọ́n ní kó dúró?"

Tókun yanu láti fèsì kíákíá. Àmọ̀kẹ́ jọ́hẹn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé ó jọ́hẹn fún ọdún lórí ọdún? Ó ròyìn ohun tí Rùfáì sọ fún wọn, pé kò sí ọkùnrin mìíràn tó lè fẹ́ Àmọ̀kẹ́ àfi bí òun bá fẹnu ara òun tú u sílẹ̀. Bí ó ti ń sọ ọ́ ló ń gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, ó sì dà bí ọ̀rọ̀ tí òun kò gbọ́ rí.

Námì sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá Ìsáò kò túmọ̀ rẹ̀. Námì kò pariwo. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó ń wo ẹnu bàbá.

"Ó ní…" Bàbá náà wo àwọ̀n tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ó ní bó o bá délé, kó o sọ fún un kó jẹun. Ó ní obìnrin tó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ lójoojúmọ́ fún ẹni tí kò sí nílé, òun gan-an ni ebi ń pa. Ó ní kí àwọn tó ní kó gbé e kalẹ̀ wò ó dáadáa." Ó gbé àwọ̀n náà kúrò lórí ẹsẹ̀. "Ó ní ìwọ ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọdé. Mo mọ ẹni tó ń bá wí."

Ó dìde, ó jáde lọ sẹ́bàá òkun.

Tókun kò lè sùn dáadáa mọ́. Ó ń gbìyànjú láti rí ojú Àmọ̀kẹ́. Iwájú orí rẹ̀ á wá, ojú rẹ̀ méjèèjì á wá, ṣùgbọ́n bó bá dé ẹnu, gbogbo rẹ̀ á parẹ́. Ohun kan wà nínú ẹ̀rín ọmọ yẹn tó sọ òun di wèrè lọ́jà Apòmù. Kí ni nǹkan náà? Kò rántí mọ́. Ẹ̀yìn nìkan ló ń rí, tó ń sá lọ. Ìbànújẹ́ gbá a mú. Ṣé ẹni tí òun kò lè rántí ẹnu rẹ̀ mọ́ ni òun tún fẹ́ máa dè mọ́lẹ̀? "Bí Ọlọ́run bá mú mi délé," ó wí fún ara rẹ̀, "màá tú u sílẹ̀. Bó bá tún fẹ́ mi lẹ́yìn náà, ayọ̀ ni. Bí kò bá fẹ́ mi, kó ṣáà jẹun."

Òtútù lọ, igi òkè rú ewé, ọkọ̀ dé. Àárọ̀ ọjọ́ tí Tókun yóò lọ, Námì gbé abọ́ Kẹ́njì kalẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Bàbá Ìsáò jókòó sí àyè ọmọ rẹ̀. Ó fa abọ́ náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó rọra ń jẹ, omijé ń ṣàn bọ́ sórí ìrẹsì, kò nù ún. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó da abọ́ dojú dé, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún Námì, Tókun kò sì ní kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Námì forí balẹ̀ fún un, ó pẹ́ kó tó gbé e sókè. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kékeré ń gbé Tókun lọ síbi ọkọ̀ ńlá, ó rí Námì lókèèrè, ó gbé ẹrù lẹ́yìn, ó ń rìn kọjá lórí afárá, kò bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀ṣunníkẹ́ ń yan gààrí nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé ní Ìkirè. Ó ju igbá sílẹ̀.

"Tókun! Wọ́n ní ẹja ti jẹ ọ́!"

"Wọ́n purọ́, ìyá mi. Èmi ni mo jẹ ẹja."

Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó tú aṣọ ọmọ rẹ̀ wò bóyá gbogbo ara ló bá a dé. Nígbà tó yá, ó ní, "Páànù ńkọ́?"

"Mo ti fi owó iṣẹ́ ọkọ̀ rà á ní Ìbàdàn. Lọ́rì ń gbé e bọ̀."

"Ayé yẹ mí! Àmọ̀kẹ́ ṣì wà nílé bàbá rẹ̀. Làtífù tó ń ra kòkó ní Gbọ̀ngán ti fẹ́ẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ gbẹ́ kòtò sí ojúlé wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ọmọ fún un nítorí tìẹ. Ó yá, jẹ ká lọ gbé ìyàwó wa."

"Ìyá mi, mò ń lọ tú u sílẹ̀ ni."

Ọ̀ṣunníkẹ́ wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Omi òkun ti wọ inú orí ọmọ yìí," ó wí.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsárì tán nígbà tí Tókun tiro wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Rùfáì ní Apòmù. Bàbá náà jókòó lórí awọ. Làtífù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agbádá tó le fún gáúngáún, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri níta. Sàlámọ̀tù ń to àwo sínú apẹ̀rẹ̀ níbi ilẹ̀kùn. Ó figbe ta, ó pe orúkọ Ọlọ́run. Tókun dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, mo ti dé o. Páànù ilé mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti páànù ni mo bá wá. Mo wá fi ẹnu ara mi tú Àmọ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó ti dúró tó. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwa ọkùnrin ni yóò máa dè é mọ́lẹ̀. Kí ẹ wá bá mi bi í léèrè bóyá…"

Rùfáì kò jẹ́ kó dé ìdí ọ̀rọ̀. "Àlùámúdù lílà! Ẹ gbọ́ o! Làtífù, o gbọ́? Ó ti tú u sílẹ̀! Kí àwọn ènìyàn rẹ máa bọ̀ ní Jímọ́ọ̀."

Làtífù tún agbádá ṣe, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé Tókun pé ilẹ̀kùn tí òun fi gbogbo òkun bọ̀ wá ṣí, ilẹ̀kùn náà ni kò jẹ́ kí ewúrẹ́ wọlé jẹ iṣu.

Àmọ̀kẹ́ jáde láti inú ilé. Kò faṣọ bojú. Kò sá. Ó rìn wá dúró sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ọkùnrin tó wà nílẹ̀, Tókun gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wá ibi sá sí.

"Ta ló dè mí?" Àmọ̀kẹ́ wí.

"Àmọ̀kẹ́…"

"Mo ní ta ló dè mí? Nígbà tí Làtífù kọ́kọ́ wá, kí ni mo wí? Mo ní ọkọ mi wà lórí òkun. Ó tún wá ńkọ́? Ọkọ mi wà lórí òkun. Wọ́n ní o ti kú, mo ní kí wọ́n gbé òkú wá kí n rí i. Ìwọ rò pé o tì mí mọ́lé, àbí? Èmi ni mo tilẹ̀kùn, inú ni mo ti tì í! Àfi bó o ṣe dé lónìí, o ò yà bi mí, o kàn wá ń já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn."

"Mi ò mọ̀," Tókun wí.

"O ò mọ̀ nítorí pé o ò béèrè."

"Ó tó!" Rùfáì wí. "Ọ̀rọ̀ ti tán. Wọlé lọ."

Àmọ̀kẹ́ yípadà, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ má bínú, bàbá mi. Ṣé lóòótọ́ ló ti tú mi sílẹ̀?"

"Ó ti tú ọ. Gbogbo wa gbọ́."

"Mi ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́?"

"O ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ rántí ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀, tí mo bi yín pé bí Tókun bá dé tó sì kọ̀ mí ńkọ́. Kí lẹ sọ fún mi lójú Lèmọ́mù?"

Rùfáì wo òrùlé. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ń sunkún, àlejò pọ̀ nílé, ó sì dá a lójú pé Tókun ti wà nínú ikùn ẹja. Kí ọmọ ṣáà dákẹ́ ló ṣe sọ ọ́.

"Mi ò rántí," ó wí.

"Èmi rántí," Sàlámọ̀tù dáhùn láti ìdí apẹ̀rẹ̀. "Ẹ ní bó bá fẹnu ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, kó fẹ́ ẹni tó bá wù ú, ẹ̀yin kò ní dá sí i. Lèmọ́mù náà ṣe àmín."

"Sàlámọ̀tù, ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín kì í yẹ̀ ni."

Rùfáì kò lè wo Làtífù, Làtífù kò sì mọ ibi tí yóò wò. Àmọ̀kẹ́ dìde, ó lọ bá Sàlámọ̀tù, ó kúnlẹ̀ fún un.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe alárenà. Ẹ lọ sọ fún ará Ìkirè tó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ yẹn pé ọmọbìnrin kan wà ní Apòmù tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ní òun ló rán yín wá. Ẹ ní ó fẹ́ ẹ."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Sàlámọ̀tù, wọn kò rán an ní irú iṣẹ́ yìí rí. Ó tún gèlè wé. Ó rọra rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń lọ sí ìlú mìíràn, ó dúró lórí Tókun, ó wúkọ́.

"Ọmọ Ògúnbọ̀dé, wọ́n rán mi sí ọ láti Apòmù. Ọmọbìnrin kan ní òun fẹ́ ọ. Ó ní òun mọ dòdò dín. Kí lo wí?"

Omi ti dé ojú Tókun. "Ẹ sọ fún un pé mo jọ́hẹn," ó wí.

"Ó jọ́hẹn o!" Sàlámọ̀tù kígbe.

Làtífù dìde, ó gbọn agbádá, ó lọ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Rùfáì na ọwọ́ mú tẹ̀sùbáà, ó ń kà á, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò lè pa ẹ̀rín tó fẹ́ jáde mọ́ mọ́. "Kí lọ́rì páànù yẹn tètè dé o," ó wí, "èyí kò yí padà."

Àmọ̀kẹ́ wá dúró síwájú Tókun. "O ti jọ́hẹn. Ẹni tó bá jọ́hẹn ló ń sá. Ó yá, dìde, sáré."

"Ẹsẹ̀ mi kò lè sáré mọ́."

"Kó o dúró nìyẹn."

Tókun dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn lójú. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dun ọmọkùnrin náà lọ́kàn, ó sì rọra bi í, kí bàbá má baà gbọ́. "Àmọ̀kẹ́, ní gbogbo ìgbà tí mi ò fi sí nílé, ṣé ò ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ dè mí?"

"Oúnjẹ kẹ̀?" Àmọ̀kẹ́ fọwọ́ lé ìbàdí. "Mo jẹ tèmi, mo sì jẹ tìẹ mọ́ ọn. Ṣé o ò rí bí mo ṣe sanra ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ là, èéjì rẹ̀ sì yọ láàárín eyín òkè. Èéjì! Gbogbo àkókò tó fi jókòó sẹ́bàá òkun àwọn ẹlòmíràn, nǹkan tó ń wá tí kò rí nìyẹn.